Eré ìdíje kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn 50 ọdún: bí ẹ ó ṣe bá ọ̀wọ́ dé òpin

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ wa nìyí. Ẹni ọdún 52 tàbí 58, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, tó lè gun 100 kìlómítà kó sì wọlé wá jẹun bí ẹni pé kò lọ síbì kankan, yóò forúkọ sílẹ̀ fún ìdíje. Wọ́n á fọn fèrè. Kí ìṣẹ́jú 10 tó pé, ọ̀wọ́, ìyẹn àwọn tó ń sáré pọ̀, ti lọ, òun nìkan ló kù lẹ́yìn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó lé ọ̀kẹ́rẹ́ tì. Yóò délé, yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọjọ́ orí ló fà á.

Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 51 ni mí nígbà tí mo sáré àkọ́kọ́ ní ìlà-oòrùn London, ìyípo kẹta ni wọ́n já mi sílẹ̀. Mo jókòó sórí koríko, mo ń tú bàtà. Bàbá òyìnbó kan tó ti lé ní 70, tí òun bá ọ̀wọ́ dé òpin, wá bá mi. Ó ní, “Ẹsẹ̀ rẹ kò burú. Ṣùgbọ́n ní gbogbo kọ́nà, o máa ń fi mítà 5 sílẹ̀, o wá ń sáré lé e. Ìgbà mélòó lo rò pé o lè san gbèsè yẹn?” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Agbára ń dínkù lóòótọ́, ṣùgbọ́n àlàfo tó ń ṣí láàárín òun àti ẹni iwájú ló ń já àgbàlagbà sílẹ̀ kí agbára tó tán.

London ni mò ń gbé, nítorí náà ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Ẹni tó wà ní Amẹ́ríkà tàbí nílé, kó wo òfin ẹgbẹ́ tó ń ṣètò eré níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara àti ọ̀rọ̀ kọ́nà kò yàtọ̀ níbì kankan.

Ohun tí ẹ ó ní lọ́wọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Kẹ̀kẹ́ eré tó ní háńdù títẹ̀. Kò pọn dandan kó wọ́n. Tèmi ti pé ọdún 9. Háńdù gbọọrọ tí wọ́n fi ń sáré àdásá, ẹ yọ ọ́. Wọn kì í gbà á nínú eré tí èèyàn púpọ̀ ti ń sáré pọ̀.
- Àṣíborí tí kò tíì fọ́, tí kò tíì ṣubú lulẹ̀ rí.
- Ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn, èyí tí wọ́n ń so mọ́ àyà. Ti ọrùn ọwọ́ máa ń purọ́ nígbà tí ọwọ́ bá ń gbọ̀n lórí háńdù.
- Píìnì 8, ó kéré tán, tí ẹ ó fi de nọ́ńbà eré mọ́ aṣọ.
- Ìwé kékeré kan àti bírò.
- Ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tí kò bá ní ọ̀sẹ̀ 12, kó wo eré ọdún tó ń bọ̀.
- Ẹnì kan tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́, tí kì í bínú kíákíá.

Ìgbésẹ̀ 1: Dókítà àti oògùn

Ẹ má bínú, ibí ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ gbọ́ nípa kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ ríru wọ́pọ̀ láàárín àwa aláwọ̀ dúdú, ọ̀pọ̀ ló sì ní in tí kò mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó bá ti pé 40 ọdún lè wọ ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn kí wọ́n yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ṣe ìyẹn ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bá dókítà yín, kí ẹ má sọ pé “mo fẹ́ máa gun kẹ̀kẹ́.” Ọ̀rọ̀ yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ ní, “Mo fẹ́ sáré ìdíje. Ọkàn mi máa lù dé òpin agbára rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejìlélọ́gbọ̀n láàárín wákàtí kan.” Ìgbà yẹn ni yóò gbójú sókè láti ara kọ̀ǹpútà. Bí àyà bá ti ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń gun òkè, bí òòyì bá ti kọ́ yín rí lórí kẹ̀kẹ́, tàbí bí ẹnì kan nínú ẹbí bá ti ṣubú lójijì tó sì kú kó tó dàgbà, ẹ sọ ọ́, ẹ má fi pamọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Òfin oògùn eré ìdárayá de ẹni ọdún 60 tó ń sáré fún ìgbádùn bó ṣe de ọmọ tó ń sáré Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti Faransé. Oògùn ìfúnpá tó ń mú ni tọ̀ lemọ́lemọ́ wà lára ohun tí wọ́n fòfin dè: indapamide, bendroflumethiazide, hydrochlorothiazide. Wọ́n máa ń po èyí tó gbẹ̀yìn yìí mọ́ oògùn mìíràn nínú kóró kan ṣoṣo, nítorí náà ẹ ka ara páálí dáadáa. Amlodipine, tó jẹ́ pé òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún aláwọ̀ dúdú tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò sí nínú òfin náà. Losartan lásán náà kò sí níbẹ̀. Bisoprolol àti atenolol, tí àwọn náà jẹ́ oògùn ìfúnpá, kò ní ìdènà nínú eré kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń mú kí ọkàn lù jẹ́jẹ́. Ẹni tó bá ń lò wọ́n, kó má fi nọ́ńbà ìlùkìkì ọkàn ṣe ìgbaradì, èémí àti ẹsẹ̀ ni kó máa gbọ́. Ẹni tó ń gún insulin nítorí àtọ̀gbẹ nílò ìwé ìyọ̀ǹda láti lò ó.

Ibi tí ẹ ti máa yẹ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan wò ni Global DRO lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ yan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ yan kẹ̀kẹ́, ẹ kọ orúkọ oògùn.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Ẹlòmíràn á dá oògùn ìfúnpá rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ eré nítorí ẹ̀rù òfin. Ẹ má dán an wò. Dókítà lè pàrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí òfin gbà, tàbí kí ẹ béèrè fún ìwé ìyọ̀ǹda. Èkejì ni àgbo. Mo fẹ́ràn àgbo, ìyá mi ló tọ́ mi lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ta á fún yín ní Peckham, ní London níbí, kò lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìgò náà, òfin sì sọ pé ohunkóhun tí wọ́n bá bá lára yín, tiyín ni. Kí àgbo sinmi títí eré á fi parí.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Orúkọ gbogbo oògùn yín wà nínú ìwé kékeré yẹn, pẹ̀lú “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá” níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti nọ́ńbà ìfúnpá yín tí wọ́n wọ̀n láàárín oṣù kan.

Ìgbésẹ̀ 2: Yíyan eré tó tọ́

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà.

Èkíní, eré British Cycling, ẹgbẹ́ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ níbí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yóò wà ní ipele kẹrin, èyí tó kéré jù, láàárín àwọn ọmọ ọdún 22 tí kò mọ̀ pé èèyàn lè ṣubú. Èkejì ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà, League of Veteran Racing Cyclists, tí wọ́n ń pè ní LVRC. Ẹni 40 ọdún sókè ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún márùn-ún pín wọn: A jẹ́ ti 40 sí 44, B ti 45 sí 49, C ti 50 sí 54, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ti àwọn tó ti lé ní 75. Ẹ̀kẹta ni eré àdásá, tí ẹ ó dá nìkan sá pẹ̀lú aago. Veterans Time Trials Association ní ìlànà tó ń fi àkókò yín wé ọjọ́ orí yín, débi pé ẹni 72 lè borí ẹni 45 lórí ìwé.

Eré àdásá dára fún ẹni tí ẹ̀rù kọ́nà ń bà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ bá èèyàn sáré, ti LVRC ni mo máa ní kí ẹ lọ, kí ẹ sì yan èyí tí wọ́n ń sá nínú pápá tí mọ́tò kì í wọ̀. Ní London, Hillingdon tẹ́jú, ó fẹ̀. Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó wà ní Lee Valley, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ fún Òlíḿpíìkì 2012, jẹ́ máìlì kan géérégé, ó sì ń yí lọ yí bọ̀ díẹ̀. Hog Hill ní Redbridge jẹ́ kìlómítà 2, òkè sì wà nínú rẹ̀. Gbogbo ìyípo ni ẹ ó gùn ún. Kílò 84 ni mí. Èmi àti Hog Hill ti jọ sọ̀rọ̀, a kò gbọ́ra yé.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Wọ́n á yan eré ojú títì tó gùn ní 90 kìlómítà nítorí “mo lè gun 100.” Gígun 100 kì í ṣe sísá 90. Wákàtí kan nínú pápá ti tó fún ìgbà àkọ́kọ́.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Ẹ ti lọ wo eré kan nínú pápá tí ẹ yàn, ẹ sì dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú níbi kọ́nà tó le jù. Ẹ wo ẹsẹ̀ àwọn tó wà níwájú: wọn kì í dáwọ́ wíwa pẹ́dà dúró tán. Ẹ wo àwọn tó wà lẹ́yìn: wọ́n tẹ bíréèkì, wọ́n tún dìde dúró lórí pẹ́dà. Ohun tí ẹ rí yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìgbésẹ̀ 4.

Ìgbésẹ̀ 3: Ọ̀sẹ̀ 12

Ẹ kọ́kọ́ wá òpin ìlùkìkì ọkàn yín. Gbogbo èèyàn mọ ìṣirò yẹn: 220, yọ ọjọ́ orí. Ẹni ọdún 57 á rí 163. Ìṣirò mìíràn tún wà, 208, yọ ọjọ́ orí ní ìlọ́po 0.7, ìyẹn á fún un ní 168. Èmi tí mo jẹ́ 57 rí 174 lórí òkè kan ní Kent. Ìṣirò kò mọ orúkọ yín. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti gbà, ẹ gun òkè ìṣẹ́jú 5 lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sá èkejì dé ibi tí ẹ kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Nọ́ńbà tó ga jù tí ẹ rí ni tiyín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan rí báyìí. Ọjọ́ líle méjì péré, kí wákàtí 72 wà láàárín wọn bí ó bá ṣeé ṣe, 48 bí kò bá ṣeé ṣe. Ọjọ́ kan fún gígùn, wákàtí 2 àbọ̀ sí 3, pẹ̀lú àwọn èèyàn. Ọjọ́ méjì fún ìrìn jẹ́jẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹ lè máa sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle. Ọjọ́ méjì, ẹ má fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́.

Ọjọ́ líle àkọ́kọ́: ìṣẹ́jú 4 ní líle, ìṣẹ́jú 3 ní jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ líle kejì: ìṣẹ́jú àáyá 40 ní líle gan-an, àáyá 20 ní jẹ́jẹ́, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, ẹ sinmi ìṣẹ́jú 6, ẹ tún un ṣe. Èyí kejì ló jọ eré, nítorí eré inú pápá kì í lọ déédéé. Ó ń já, ó ń dúró. Láti ọ̀sẹ̀ keje, ẹ fi sísá fún àáyá 10 láti ibi kọ́nà kún un, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkẹjọ, ẹ gé gbogbo rẹ̀ sí ìdajì. Ọ̀sẹ̀ kejìlá náà. Nínú ilé, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ẹ gbé nǹkan wíwúwo: ìdìde-ìjókòó pẹ̀lú ẹrù ní èjìká, gbígbé irin láti ilẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í tẹ egungun mọ́lẹ̀ bí ìrìn tàbí eré sísá ṣe ń ṣe. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ nìkan lẹ́yìn 50 ọdún, ọkàn rẹ̀ á le, egungun rẹ̀ á máa rọ̀. Ọjọ́ tó bá ṣubú ló máa mọ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ wa ń gùn ní lílọ́wọ́ọ́wọ́. Kò le tó láti kọ́ ara ní nǹkan, kò sì rọ̀ tó láti jẹ́ kó sinmi. Ọmọ ọdún 25 lè ṣe bẹ́ẹ̀ kó jẹ ẹ́ gbé. Ara àgbà kì í sáré tún ara rẹ̀ ṣe mọ́. Bí ọjọ́ líle bá pé tí ẹsẹ̀ ṣì wúwo láti ọjọ́ líle tó kọjá, ẹ sún un síwájú lọ́jọ́ kan. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ìṣẹ́jú 4 ìkẹrin yára tó ti àkọ́kọ́. Bí ó bá ṣì ń já bọ́, ti àkọ́kọ́ ni ẹ ń sá jù.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ̀yìn ẹlòmíràn, àti kọ́nà

Ẹ fara balẹ̀ síbí.

Ẹni tó bá sá mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn, ó máa ń dín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta kù nínú agbára tí ì bá lò. Owó ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn tó mítà kan kí ẹ tó rí gbogbo rẹ̀ gbà. Ní ìyára 40 kìlómítà ní wákàtí kan, ẹ ń lọ mítà 11 ní àáyá kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ ṣẹ́jú lásán, àlàfo ti ṣí.

Ẹ wá wo kọ́nà. Ẹni tó wà níwájú dín ìyára kù díẹ̀, ó yà, ó sì ti ń lọ. Ẹni kẹwàá tẹ bíréèkì díẹ̀. Ẹni ọgbọ̀n tẹ̀ ẹ́ gan-an, ìyára rẹ̀ bọ́ sí 28, àwọn tó wà níwájú sì ti padà sí 42. Ó gbọ́dọ̀ sá bí olè. Bí pápá bá ní kọ́nà 4, tí ìyípo sì jẹ́ 30, ìgbà 120 nìyẹn. Nínú eré kan náà, ní wákàtí kan náà, ẹni tó wà níwájú gun kẹ̀kẹ́, ẹni tó wà lẹ́yìn sá eré àsápajúdé 120. Ẹ wá sọ fún mi pé ọjọ́ orí ni.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Òjóta rí ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ yìí. Ẹ fi àyè tó tó orí ọ̀kadà sílẹ̀ níwájú yín, kí ẹ wo bóyá danfo kò ní wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí: àyè tí ẹ bá fi sílẹ̀ kì í ṣe tiyín mọ́, ẹlòmíràn á bọ́ síbẹ̀, ẹ ó sì ti di ẹni kan sẹ́yìn. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí hóònù, ẹ kò sì gbọdọ̀ fi ìgúnpá gbá ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ ó ṣe kọ́ ọ nìyí. Ẹ wá ibi ìgbọ́kọ̀sí tó ṣófo ní àárọ̀ Sọ́ńdè. Ọ̀rẹ́ yín wà níwájú, ẹ wà lẹ́yìn, ní ìyára 20.

(a) Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mítà 2. Ẹ má wo táyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo táyà á máa tẹ bíréèkì sí gbogbo ìmìtìtì. Ẹ wo ìbàdí rẹ̀, kí ojú yín sì kọjá lórí èjìká rẹ̀ sí iwájú. Ẹ sún mọ́ mítà kan, lẹ́yìn náà ìdajì mítà.

(b) Bí ẹ bá ń ká a mọ́, ẹ má tẹ bíréèkì. Ẹ dáwọ́ wíwa pẹ́dà dúró díẹ̀, tàbí kí ẹ gbé àyà sókè kí atẹ́gùn fà yín. Bíréèkì tí ẹ bá tẹ̀, ogún èèyàn lẹ́yìn yín ló máa jìyà rẹ̀.

(d) Táyà iwájú yín kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹ̀yìn rẹ̀ láé. Bó bá yà díẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa ṣubú, òun kò ní ṣubú.

(e) Kọ́nà: ọwọ́ méjèèjì ní ìsàlẹ̀ háńdù. Kí gbogbo bíréèkì tí ẹ máa tẹ̀ ti parí kí ẹ tó yà. Pẹ́dà tó wà ní ìta kọ́nà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìwúwo yín. Ọwọ́ tó wà nínú kọ́nà, ẹ fi ti háńdù síwájú díẹ̀. Kẹ̀kẹ́ á dùbúlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹ fẹ́ jáde sí. Ibi tí ojú bá lọ ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń wo gọ́tà á bá gọ́tà.

(ẹ) Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wa pẹ́dà kí ẹ tó rò pé ó yẹ, ní kété tí kẹ̀kẹ́ bá ti ń dìde. Ẹ dín jíà kù kí ẹ tó wọ kọ́nà. Jíà ńlá ní ìjáde kọ́nà ló ń pa orúnkún àgbàlagbà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Bí àlàfo bá ṣí, wọ́n á fò dìde láti dí i ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo, wọ́n á dé ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ wọn ní sísá, wọ́n á wá tẹ bíréèkì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san owó náà. Ẹ jókòó, ẹ fi díẹ̀ kún un, kí ẹ yọ́ wọ ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn tí ìwàásù ti bẹ̀rẹ̀.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Ẹ jẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín wà lẹ́yìn nínú ọ̀wọ́ ọjọ́ Sátidé, kó ka iye ìgbà tí àlàfo yín ju mítà 2 lọ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n kà á fún mi, ó jẹ́ 31. Bí ó bá ti wà lábẹ́ 5, ẹ ti ṣetán.

Ìgbésẹ̀ 5: Kẹ̀kẹ́, ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú

Èyí kò pẹ́. Ẹ fọ ṣéènì, ẹ fi òróró sí i, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wo ojú táyà yíká, bóyá òkúta kékeré há síbẹ̀. Bí táyà yín bá fẹ̀ ní mìlímítà 28, tí ẹ sì wúwo ní nǹkan bíi kílò 80, afẹ́fẹ́ tó wọ̀n 70 psi níwájú àti 75 lẹ́yìn ti tó. Ẹ yọ 5 kúrò bí òjò bá ń rọ̀. Ìdérí orí háńdù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Irin tó ṣófo máa ń gé ẹran ara bí ọ̀bẹ, adájọ́ eré sì lè dá yín padà nítorí rẹ̀.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà:* Pípàrọ̀ ìjókòó tàbí bàtà ní ọ̀sẹ̀ eré. Rárá o.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sókè díẹ̀, ẹ jẹ́ kó já bọ́ lórí táyà rẹ̀. Bí nǹkan kan bá dún gbangan-gbangan, ẹ wá a rí kí ẹ tó sùn.

Ìgbésẹ̀ 6: Oúnjẹ

Eré wákàtí kan kò nílò àsè. Ní alẹ́, ẹ jẹ ìrẹsì tàbí iyán pẹ̀lú ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹni tó ń tẹ̀ síwájú lórí háńdù fún wákàtí kan kò fẹ́ kí inú rẹ̀ máa sọ̀rọ̀. Ní àárọ̀, wákàtí 3 ṣáájú eré: ògì pẹ̀lú ṣúgà, búrẹ́dì méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Ìgò omi kan tí ẹ fi ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí ti tó fún inú eré.

Ọ̀rẹ́ mi kan máa ń jẹ obì dípò kọfí. Káféènì kan náà ló wà nínú méjèèjì, òfin kò sì kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò nínú ìgbaradì kí ẹ tó lò ó lọ́jọ́ eré, pàápàá ẹni tó ń lo oògùn ìfúnpá: ẹ bi dókítà ná.

Lẹ́yìn eré, láàárín wákàtí méjì, ara àgbà fẹ́ amáradàgbà tó pọ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, nǹkan bíi gírámù 30 sí 40 lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹyin mẹ́ta fún yín ní bíi 20. Ẹ fi móínmóín ńlá kan kún un, ó ti pé.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí wọ́n tó fọn fèrè

Ẹ dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú 75 ṣáájú. Ẹ fọwọ́ sí ìwé, ẹ gba nọ́ńbà, kí ẹ sì béèrè ẹ̀gbẹ́ tí ilé adájọ́ wà. Mo so tèmi mọ́ ẹ̀gbẹ́ òdì nínú eré mi kẹta. Mo sá dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ipò kọkànlá ni mo rò pé mo ṣe, ṣùgbọ́n nínú ìwé èsì, ó dà bí ẹni pé mi ò jáde kúrò nílé. Ẹ fi píìnì 8 dè é, kó má fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbóná ara. Ọ̀dọ́ lè gbóná ní ìṣẹ́jú 10. Tiwa gba 25: ìṣẹ́jú 15 ní jẹ́jẹ́, lẹ́yìn náà ẹ gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi dé ìdá 85 nínú 100 òpin ìlùkìkì ọkàn yín, kí ẹ sì sá àáyá 10 lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 10 àkọ́kọ́ nínú eré inú pápá ló máa ń le jù, ẹni tó bá dé ibẹ̀ ní tútù, wọ́n á ti já a sílẹ̀ kí ara rẹ̀ tó gbóná.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Òógùn wà níwájú orí yín, ẹ sì ti wà lórí ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ní ìlà kejì tàbí kẹta nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Eré gan-an

Ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà níwájú ni ilé yín. Kì í ṣe iwájú pátápátá. Ẹ kò ní nǹkan kan láti ṣe níbẹ̀, atẹ́gùn nìkan ló wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá jẹ́ 40, ẹ wà láàárín ẹni karùn-ún àti ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ẹ ó máa já sẹ́yìn láìmọ̀, nítorí gbogbo èèyàn ló ń fẹ́ ibẹ̀. Ìgbà tí ẹ máa gòkè padà ni ìgbà tí ọ̀wọ́ bá ń sinmi, lórí ọ̀nà títọ́ tí kò sí wàhálà, ní ẹ̀gbẹ́ tí atẹ́gùn kò ti fẹ́. Ẹ má gòkè nígbà tí gbogbo wọn ń sáré. Ìyẹn ni kí a ra ìsáná ní owó ilé.

Bí adájọ́ bá gbé páálí tó ń sọ pé ìyípo 5 ló kù jáde, eré á yí padà. Àwọn tó ti ń sinmi á jí. Ẹ rí i dájú pé ẹ ti wà nípò yín kí ìyípo 3 tó kù. Ìyípo ìkẹyìn, wọ́n á lu agogo. Bí ẹ bá wà láàárín ẹni mẹ́wàá àkọ́kọ́ ní kọ́nà ìkẹyìn, ẹ sá, ní ìlà tó tọ́, ẹ má yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Bí ẹ kò bá sí níbẹ̀, ẹ jókòó, ẹ má tẹ bíréèkì lójijì, kí ẹ kọjá ìlà òpin bí ọmọlúwàbí.

Bí wọ́n bá já yín sílẹ̀, ẹ má jáde. Ẹ máa lọ ní ìyára yín, ní ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀wọ́ bá yí yín ká, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá, ẹ ṣe ohun tí adájọ́ bá wí, ẹ má bá wọn sá òpin. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí ojú yín ń ṣú, ẹ gbé ọwọ́ sókè, ẹ yà kúrò, ẹ sọ fún ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí. Ẹnikẹ́ni kò ní fi yín ṣẹ̀sín níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú LVRC ti gbé ọ̀rẹ́ dé ilé ìwòsàn rí.

*Ẹ fi mọ̀ pé ó ti parí:* Ẹ gbọ́ agogo ìyípo ìkẹyìn, ọ̀wọ́ sì wà ní àyíká yín.

Ìgbésẹ̀ 9: Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Ọjọ́ kejì ni ara á máa dun àgbàlagbà jù. Ẹ rìn, ẹ sùn, ẹ gun kẹ̀kẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú bí ẹni tó ń lọ ra iyọ̀. Ìdánrawò líle kò gbọdọ̀ wáyé kí ọjọ́ kẹrin tó pé.

Kí ẹ tó sùn lálẹ́ ọjọ́ eré, ẹ mú ìwé kékeré yẹn, ẹ kọ ìyípo àti kọ́nà tí àlàfo ti ṣí, kì í ṣe ìyára, kì í ṣe ìlùkìkì ọkàn. Ohun tí mo kọ lẹ́yìn eré mi kejì ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú bírò pupa: “Ìyípo 17, kọ́nà kẹta. Mo bojú wẹ̀yìn.”